Gangirwal, Òkè Kamẹrúùnù, Òkè Kẹ́ńyà tàbí Kilimanjaro: èwo ni kí ọmọ Abẹ́òkúta kọ́kọ́ gbé báàgì lọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú, àwa márùn-ún máa ń gbé báàgì gun Olúmọ. Gàrí ló wà nínú báàgì náà: kílò mẹ́wàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹni tó ti mọ́ lára. A ó gba ìsàlẹ̀ Ìtòkú wọlé, a ó gòkè, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó tún gòkè, títí ẹsẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn ìyá tó ń ta àdìrẹ níbẹ̀ ti mọ̀ wá dáadáa. Wọ́n á ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ Olúmọ," àwa náà á kí wọn pé ẹ kú ọjà.

Ẹnikẹ́ni tó bá dara pọ̀ mọ́ wa, kì í pé rárá tó fi máa béèrè pé òkè wo gan-an là ń múra sílẹ̀ fún. Kilimanjaro ni orúkọ tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá. Ó yé mi. Òun ló ga jù ní Áfíríkà, 5,895 mítà, òun ni gbogbo ayé mọ̀. Àmọ́ mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí, ohun tí mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó má fi orúkọ yan òkè, kó má sì fi gíga ṣónṣó rẹ̀ yàn án. Ibi tí ẹ máa sùn ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi yàn án.

Ìdí tí ibi sísùn fi ṣe pàtàkì ju ṣónṣó lọ

Ilẹ̀ tí àwa ará Abẹ́òkúta ń gbé kò ga. Orí Olúmọ gan-an, 137 mítà péré ló fi ga ju òkun lọ. Ṣónṣó Lenana tí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn máa ń dé lórí Òkè Kẹ́ńyà jẹ́ 4,985 mítà. Olúmọ mẹ́rìndínlógójì lẹ máa tò léra kí ẹ tó débẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Tó bá fi máa di 5,500 mítà, ọ́síjìn tí ẹ máa rí nínú èémí kan kò ju ìdajì ohun tí ẹ ń rí fà nílé lọ. Ara lè kọ́ bó ṣe máa fi ìwọ̀nba yẹn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe wákàtí. Òru ló sì máa ń tú àṣírí ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì kọ́ ọ, nítorí èémí máa ń rọlẹ̀ tí èèyàn bá ti sùn.

Láti nǹkan bí 2,500 mítà ni àìsàn òkè ti lè bẹ̀rẹ̀: orí fífọ́, èébì, kí oúnjẹ má wu èèyàn jẹ, kí oorun má kùn ún. Òfin tí àwọn dókítà tó mọ ọ̀rọ̀ yìí fi lélẹ̀ kò ṣòro láti rántí. Tí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí ẹ máa sùn lónìí kò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tí ẹ sùn lánàá, tó bá sì di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ fi ọjọ́ kan sinmi. Lọ́sàn-án, ẹ lè gòkè kọjá bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá ṣáà ti máa sọ̀ kalẹ̀ wá sùn.

Ẹ wá fi òfin yẹn wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Gangirwal, tí wọ́n tún ń pè ní Chappal Waddi, wà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Òun ló ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà. Kò sí ibi tí ẹ máa sùn sí níbẹ̀ tí àìsàn òkè á ti bá yín.

Òkè Kamẹrúùnù ga tó 4,095 mítà. Ìlú Buea tí ẹ ti máa gbéra wà ní nǹkan bí 1,000 mítà, ahéré kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn sí sì wà ní nǹkan bí 2,850. Láàárọ̀, ẹ máa gun ohun tó lé ní 1,200 mítà, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Orí lè fọ́ yín o, ṣùgbọ́n ẹ ò ní sùn lókè lọ́hùn-ún.

Òkè Kẹ́ńyà, tí ẹ bá gba ọ̀nà Sirimon: ẹnu géètì 2,650 mítà, ahéré Old Moses 3,300, ahéré Shipton's 4,200, ṣónṣó Lenana 4,985.

Kilimanjaro, tí ẹ bá gba ọ̀nà Marangu: ahéré Mandara 2,720, ahéré Horombo 3,720, ahéré Kibo nǹkan bí 4,720, lẹ́yìn náà ṣónṣó Uhuru, 5,895.

Marangu ń fo ẹgbẹ̀rún mítà láti ibùsùn kan dé èkejì. Sirimon náà fo 900 láàárín Old Moses àti Shipton's, òun náà ti rú òfin. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lórí Sirimon, ibì kan wà láàárín méjèèjì tí ẹ lè pa àgọ́ sí, Liki North, ní nǹkan bí 3,990 mítà. Láti Old Moses débẹ̀ ṣì ju 500 lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sùn lẹ́ẹ̀mejì ní Old Moses, tí ẹ sun ẹ̀ẹ̀kan ní Liki North, ara á ti bá yín dé Shipton's.

Mo mọ iyì Liki North nítorí pé a kò dúró níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹni tó bá wa ṣètò ìrìn náà tà fún wa, àwa náà sì rò pé bí ọjọ́ bá ṣe kéré tó ni owó á ṣe dínkù tó. Alẹ́ kan ní Old Moses, ọjọ́ kejì a ti wà ní Shipton's. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan wà láàárín wa, nọ́ọ̀sì ni, ara rẹ̀ le ju tiwa lọ, òun ló máa ń ṣíwájú wa lórí Olúmọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun bí ẹni pé wọ́n ń fi ọmọ odó gún un. Ó bì lẹ́ẹ̀mẹta. Amọ̀nà wa fi tọ́ọ̀ṣì fa ìlà tóóró kan sílẹ̀ lójú ẹ̀, ó ní kó máa rìn lórí ẹ̀, kó máa fi gìgísẹ̀ kan kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, bí ẹni ń wọn ilẹ̀. Ìṣísẹ̀ kẹta ló ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di apá mi mú. Ó ń rẹ́rìn-ín pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń wúwo bí ẹnu ẹni tó ti mu ọtí.

Amọ̀nà yẹn kò bá wa jiyàn. Ó ní kí a di báàgì rẹ̀, kí a máa sọ̀ kalẹ̀ báyìí báyìí. Gbogbo òru la fi rìn, kìlómítà mẹ́rìnlá, ẹ̀gbọ́n wa wà láàárín àwa méjì. Nígbà tí a fi máa rí Old Moses lọ́ọ̀ọ́kán, ojúmọ́ ti mọ́. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó wo ojú mi, ó ní, "Àbúrò, ṣé wọn ò ní tíì níbí ni?" Omi bọ́ lójú mi. Wíwú ọpọlọ ló ń bọ̀ lọ́nà yẹn, tí a bá dúró di àárọ̀ ni. Irú kejì máa ń mú ẹ̀dọ̀fóró: èèyàn á máa húkọ́, èémí rẹ̀ á kúrú kódà tó bá jókòó jẹ́jẹ́. Oògùn méjèèjì kò ju ọ̀kan lọ: ẹ gbé onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án.

Nígbà kejì, ọjọ́ méje la lò lórí òkè kan náà, kò sẹ́ni tí orí ń fọ́ nínú wa ní Lenana.

Ní ti Kilimanjaro, tí ọkàn yín bá ti wà níbẹ̀ dandan, ẹ fi Marangu sílẹ̀, ẹ gba ọ̀nà Lemosho ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa sùn ní àyíká 4,000 mítà (Shira, Barranco, Karanga), lọ́jọ́ kan ẹ ó tiẹ̀ gòkè dé Lava Tower ní 4,600 kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ wá sùn. Ohun tí ara fẹ́ gan-an nìyẹn. Àwọn amọ̀nà ibẹ̀ á máa sọ ọ́ létí yín ṣáá pé "pole pole," ẹ̀dà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wa. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kan náà, pole, ni wọ́n fi ń bá ẹni tí nǹkan ṣe kẹ́dùn, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́.

Jẹ́nótáìpù yín ńkọ́?

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé àwọn ìwé atọ́nà tí àwọn òyìnbó kọ kì í sábà fi ṣe ohun àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ láàárín tiwa kò sí agbolé tí kò kàn. Ẹni tó bá jẹ́ SS, tàbí SC, kò gbọ́dọ̀ lọ sórí Òkè Kẹ́ńyà tàbí Kilimanjaro. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde dì mọ́ra, ìrora tó máa tẹ̀ lé e lè pa èèyàn níbi tí kò sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tó bá jẹ́ AS ló sábà máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ AS ló ń gun òkè tó ga tí kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan pé, lókè lọ́hùn-ún, ìrora gbígbóná kan á dé lójijì lábẹ́ ìhà òsì, lápá òkè ikùn. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má pè é ní inú rírun, ẹ má sì mu oògùn apara-lára kí ẹ máa lọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ tó san owó rárá, ẹ lọ rí dókítà, ẹ sọ iye mítà tí ẹ máa dé fún un. Ẹ mu omi dáadáa, nítorí òùngbẹ máa ń dá kún un. Ẹ sì sọ jẹ́nótáìpù yín fún amọ̀nà àti ẹni tí ẹ jọ máa sùn nínú àgọ́ kan náà.

Acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Diamox, máa ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè kọ́ òkè. Ẹni tí oògùn tó ní sulfa kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un. Kì í rọ́pò ọjọ́ tí ẹ yọ kúrò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ta ló máa gbé ẹrù?

Tó bá jẹ́ pé gbígbé ilé àti oúnjẹ yín sẹ́yìn fúnra yín ni ẹ ń wá, Kilimanjaro kì í ṣe ibẹ̀. Láti 1991 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tó ń gùn ún mú amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Alábàárù ló ń gbé àgọ́, ìkòkò àti oúnjẹ, 20 kílò ni òfin gbà kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé, ẹ̀yin á kàn gbé omi àti ẹ̀wù òjò. Mi ò sọ pé ó burú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yẹn pọ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó gba owó yín ń san tiwọn fún wọn. Àmọ́ irú ìrìn mìíràn nìyẹn.

Lórí Òkè Kẹ́ńyà, wọn kì í gbà kí ẹnì kan ṣoṣo wọlé, ẹ máa mú amọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ má gbé báàgì yín. Ní Gangirwal, ẹ̀ṣọ́ ọgbà ló máa bá yín lọ, ẹrù yín sì di tiyín láti ọjọ́ kìíní. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé Gangirwal ni ilé ẹ̀kọ́ ẹrù gbígbé, Òkè Kẹ́ńyà sì ni ilé ẹ̀kọ́ èémí.

Báàgì tí ẹ bá máa rà, kó jẹ́ lítà 55 sí 65, kó sì ní bẹ́líìtì tó nípọn ní ìbàdí. Àwọn tó ń gbé báàgì ilé ìwé wá sí Olúmọ ni èjìká máa ń dùn jù. Ẹ rántí òṣùká àwọn ìyá wa: kì í dín ẹrù kù, ó kàn ń mú un jókòó síbi tó yẹ kó jókòó. Bẹ́líìtì ìbàdí ni òṣùká báàgì. Ẹ kọ́kọ́ dì í mọ́ egungun ìbàdí kí ẹ tó fa ti èjìká, kí àwọn nǹkan tó wúwo sì sún mọ́ ẹ̀yìn yín, láàárín méjì báàgì. Ẹrù tó bá ti kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo yín, ẹ tú u, ẹ yọ nǹkan kan.

Omi àti oúnjẹ

Níbi omi, Òkè Kẹ́ńyà fi àwọn yòókù sílẹ̀ pátápátá. Láti Old Moses dé Shipton's, ẹ ò ní rìn jìnnà tí ẹ ò ní rí odò kékeré tó mọ́ gaara. Ẹ ṣáà sè é tàbí kí ẹ fi oògùn sí i. Òkè Kamẹrúùnù ni òdìkejì rẹ̀, ó sì yani lẹ́nu, nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní Debundscha wà lára ibi tí òjò ń rọ̀ jù ní gbogbo ayé, nǹkan bí 10,000 mìlímítà lọ́dún, tí tiwa ní Abẹ́òkúta kò ju bí 1,200 lọ. Ṣùgbọ́n òkè oníná ni, ilẹ̀ rẹ̀ ń fa omi mu. Tí ẹ bá ti kọjá ahéré àkọ́kọ́, kò sí omi tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Lítà mẹ́fà túmọ̀ sí kílò mẹ́fà, kí ẹ tó gbé ohunkóhun mìíràn.

Oúnjẹ ni ọmọ Ẹ̀gbá ti ní láti tún èrò ara rẹ̀ ṣe. Ní ìrìn kejì yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan gbé làfún wá, ẹlòmíràn gbé ẹ̀wà. Ní Shipton's, mo gbé ìkòkò kékeré lé gáàsì. Kò pẹ́ tí omi fi ń hó, ó ń ta putuputu, ọ̀rẹ́ mi da ẹ̀wà sí i. Wákàtí kan kọjá, ẹ̀wà ṣì ń ró kokoko lábẹ́ ṣíbí. Wákàtí kejì, awọ rẹ̀ ti ṣí, inú rẹ̀ ṣì le, agolo gáàsì kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ní 4,200 mítà, nǹkan bí 86 ni omi ti ń hó dípò 100, kò sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ bó ti wù kí iná le tó. Ìrẹsì ọ̀fadà á ṣe yín bẹ́ẹ̀. Làfún á jiná lójú, á sì máa rùn gbùrẹ̀.

Gàrí ló gbà wá. Wọ́n ti yan án kó tó kúrò nílé, ìyókù kò ju kí ó pàdé omi lọ. Omi tó gbóná níwọ̀n 86 tó ó tẹ ẹ̀bà tó fẹ́lẹ́, a sì fi ẹja gbígbẹ lílọ̀ àti ata gígún sí i nínú abọ́ kan náà. Lọ́sàn-án, gàrí mímu pẹ̀lú mílíìkì àti ẹ̀pà. 100 gíráàmù gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ fún èèyàn ní 350 kálórì, kò ní omi nínú, kì í bàjẹ́, òjò nìkan lẹ máa bò ó fún. Amọ̀nà wa tọ́ ọ wò, ó béèrè fún sí i. Ẹ mú gáàsì kúrò lọ́kàn nílé o, wọn kì í gba agolo rẹ̀ wọ bàálù. Nairobi lẹ ti máa rà á.

Òtútù

Ìwọ̀n ooru máa ń fi nǹkan bí 6 sí 6.5 dínkù ní gbogbo ẹgbẹ̀rún mítà. Gangirwal nínú ọyẹ́ tutù, kì í ṣe òtútù eré, súwẹ́tà méjì á gbà yín. Òkè Kẹ́ńyà lóru máa ń sọ omi inú ike di yìnyín. Orí Kilimanjaro lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí aago méjìlá òru ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀nà ìkẹyìn.

Mo fẹ́ràn àdìrẹ, ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, àmọ́ òwú ni, tí òwú bá ti mu òógùn, kì í tètè gbẹ, á sì máa jí ooru ara yín kó. Ẹ fi í sílẹ̀ nílé, pẹ̀lú jíìnsì. Lójà òkìríkà ní Láfẹ́ńwá, tí ẹ bá tètè dé nígbà tí wọ́n ń tú bélì, ẹ ó rí súwẹ́tà onírun àgùntàn àti jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìyẹ́ sínú rẹ̀ ní owó tí kò tó nǹkan, nítorí kò sẹ́ni tó ń bá yín dù ú nínú ooru wa. Ẹ gbé jákẹ́ẹ̀tì náà síwájú ìmọ́lẹ̀: tí ìyẹ́ inú rẹ̀ bá ti kó jọ sójú kan, ẹ fi sílẹ̀. Bàtà nìkan ni mi ò gbà kí ẹ rà ní òkìríkà tàbí kí ẹ yá. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì fi gun Olúmọ fún oṣù méjì. Àpò ìsùn lẹ lè yá ní Nanyuki, ìlú tó wà nísàlẹ̀ Òkè Kẹ́ńyà, tàbí ní Moshi, ti Kilimanjaro.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ló máa dé?

Níbí, Kilimanjaro ló borí. Látọdún 2022 ni íntánẹ́ẹ̀tì tó yára ti dé Horombo, ní 3,720 mítà, bàálù agbérapá sì wà tó ń gbé aláìsàn. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà sì gbà fún un, òun ni mo máa ní kó lọ, lórí Lemosho. Òkè Kẹ́ńyà tẹ̀ lé e: ẹ̀ṣọ́ ọgbà wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá ó ń lọ, ẹsẹ̀ yín sì lẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ.

Gangirwal ló jìnnà sí ìrànlọ́wọ́ jù. Ọgbà Gashaka-Gumti tó yí i ká lé ní 6,000 kìlómítà níbùú lóròó, ọgbà orílẹ̀-èdè tó tóbi jù ní Nàìjíríà, ó tóbi ju ìpínlẹ̀ Èkó lọ dáadáa. Ìnàkí ń gbé níbẹ̀, àwọn Fúlàní darandaran wà lórí òkè rẹ̀, ilẹ̀ náà rẹwà débi pé mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ tán. Bàálù á gbé yín dé Yola, lẹ́yìn náà mọ́tò gba Jalingo àti Bali lọ sí Serti níbi tí ọ́fíìsì ọgbà wà. Ọ̀nà yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù ju òkè lọ. Ẹ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra gan-an, kì í ṣe oṣù mẹ́ta ṣáájú. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má lọ. December sí February ni àsìkò rẹ̀, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, odò á kún.

Ní ti Òkè Kamẹrúùnù, ó dùn mí láti kọ ọ́. Ọdún 2014 ni mo gùn ún, ọdún méjì lẹ́yìn tó yọ iná kẹ́yìn nígbà yẹn, ní 2012. Èérú dúdú wà lábẹ́ bàtà wa, òkun wà lókèèrè, àwọn ará Buea sì ń sọ fún wa nípa eré ìje tó máa ń wáyé ní February, níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sá ti máa ń dé ṣónṣó kí wọ́n sì padà sílùú ní wákàtí márùn-ún tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Láti 2017 ni ìjà ti ń jà ní agbègbè tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀. Òkè tó sún mọ́ wa jù tó kọjá 4,000 mítà nìyẹn, mi ò sì ní sọ fún ọmọ ẹnikẹ́ni pé kó lọ ní báyìí.

Àwọn kan máa ń béèrè nípa Toubkal ní Mòrókò, 4,167 mítà. Ọjọ́ méjì lèèyàn fi ń gùn ún, láti Imlil ní 1,740 dé ibùsùn ní 3,207 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ti mọ ohun tí mo máa sọ sí ìyẹn. Nígbà òtútù, ó tún ń gba irin eléyín lábẹ́ bàtà. Simien ní Etiópíà rẹwà, ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Amhara ní 2023, ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ná.

Ẹni tí kò tíì sùn nínú àgọ́ rí, tí kò mọ bí kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe ń rí lọ́jọ́ kẹta, kó lọ sí Gangirwal nígbà tí ọ̀nà bá dára, tàbí kó fi òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbé ẹrù náà lórí òkè Ìdànrè, tó ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹni tó ti ṣe ìyẹn, tó jẹ́ AA, tàbí AS tí dókítà ti gbà fún, Òkè Kẹ́ńyà ni kó lọ, ọ̀nà Sirimon, ọjọ́ méje, kó sì gba Chogoria sọ̀ kalẹ̀ kó lè rí adágún Michaelson. Kilimanjaro á wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. January àti February dára fún méjèèjì, July sí September náà. March sí May, ẹ sinmi, òjò ni. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó rìn, kí ẹ sì mú yẹ́lò káàdì dání, nítorí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá gbà á ti tó fún gbogbo ayé yín.

Àwa márùn-ún ti dá January. Ẹ̀gbọ́n wa nọ́ọ̀sì ń bá wa lọ. Nígbà tí mo gbé ètò ìrìn náà fún un lórí Olúmọ ní Sátidé tó kọjá, kò wo orúkọ ṣónṣó, kò wo owó. Ó fi ìka tọ ìlà kejì, ó ní, "Alẹ́ mélòó la máa sùn ní Old Moses?" Mo ní méjì. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́, ó sì ṣíwájú wa lọ sísàlẹ̀.